Ọmọ Tó Ń Pẹ́ Kó Tó Mọ Nǹkan: Ohun Tó Ń Fà Á, àti Bí Òbí Ṣe Lè Dúró Tì Í

Ọ̀rọ̀ tó ń kó ọ̀pọ̀ òbí lọ́kàn sókè ni ti ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé lójoojúmọ́, tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tí wọ́n tún ń sanwó lẹ́sìnnì lé e lórí, síbẹ̀ tí kò jọ pé ó ń lọ síwájú. Ohun tó mọ̀ lánàá, ó ti gbàgbé lónìí. Ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kà tán, òun ṣì wà ní ojú ewé kẹta. Kò ní pẹ́ tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Mi ò lè ṣe é." Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ àgbà lójú. Àwọn kan á ní ọpọlọ rẹ̀ kò gbé e. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn á ní kó ṣáà máa tẹra mọ́ ọn, yóò yé e lọ́jọ́ kan. Kò sí èyí tó débi ọ̀rọ̀ gan-an nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí kò sí èyí tó béèrè ohun tó fà á tí ẹ̀kọ́ náà fi ń falẹ̀. Bí a kò bá sì mọ ìdí, ariwo lásán ni ìṣírí wa máa jẹ́ létí ọmọ.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé wa ni pé ẹ̀kọ́ kì í fi gbogbo ìgbà rìn ní ìwọ̀n kan náà. Ó lè sáré, kó wá dúró pátápátá, kó sì tún gbéra. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí èyí. William Lowe Bryan àti Noble Harter ṣe ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1897 àti 1899. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ wáyà ni wọ́n ṣàkíyèsí, àwọn tó ń fi ìró kúkúrú àti ìró gígùn gbé ọ̀rọ̀ láti ìlú kan dé ìkejì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wọn bí ọwọ́ wọn ṣe ń yá sí. Ní ti kí èèyàn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ṣe ló ń gòkè bọ̀ láìdúró. Ní ti kí èèyàn gbọ́ èyí tí ẹlòmíràn fi ránṣẹ́, ó gòkè díẹ̀, ó sì dúró. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ á kọjá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tí ìyàtọ̀ kankan kò hàn. Lẹ́yìn náà ni yóò tún wá gbéra, tí yóò sì lọ jìnnà ju ibi tó ti dúró sí lọ.

Àlàyé tí àwọn méjèèjì ṣe ni pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kò jókòó lásán ní gbogbo ìgbà tó fi dà bíi pé ó dúró. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń wọ̀ ọ́ lára títí tí kò fi ní láti ronú sí i mọ́. Ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ lẹ́tà ni yóò tó ráyè gbọ́ odindi ọ̀rọ̀, kó tó wá kan odindi gbólóhùn. Àwọn onímọ̀ tó dé lẹ́yìn wọn sọ pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ tàbí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni irú ìdúró bẹ́ẹ̀ máa ń hàn lára rẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ti ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà rí á mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Àwọn ará agboolé àyàn kò dúró de ìwádìí kankan kí wọ́n tó mọ èyí. Ọmọ kì í bẹ̀rẹ̀ látorí ìyáàlù. Gúdúgúdú tàbí omele ni wọ́n á gbé fún un, á sì máa lu ìlù kan náà lálùtúnlù, òde lónìí, òde lọ́la, bí etí rẹ̀ ṣe ń gbọ́ ohun tí ìyáàlù ń sọ. Kò sí àgbà kan nílé yẹn tó jẹ́ pe ọmọ ọdún mẹ́jọ ní olódo nítorí pé kò tíì lè fi ìlù ki èèyàn. Wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ ní láti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lù láìronú, kí ọkàn tó lè ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìgbà tí a dé ilé-ìwé ni a gbàgbé ọgbọ́n yìí, ó sì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ ọdún méje kan tó ń ka gbólóhùn yìí: "The man bought a basket at the market." Ó ka "The". Ó ka "man". Ó dé "bought", ó dúró. Ó pe b, ó pe o, ó pe u, ó wo ojú màmá rẹ̀. Màmá bá a pè é. Ó dé "basket", ó gé e sí méjì: bas, ket. Nígbà tó fi máa pe "market" tán, òógùn ti yọ sí i nímú. Màmá wá bi í pé, "Kí ni ọkùnrin náà rà?" Ọmọ ń wò. Kò mọ̀. "Ṣé o rí i, o ò fọkàn sí i!"

Bẹ́ẹ̀ ó fọkàn sí i o. Gbogbo ọkàn rẹ̀ ló fi sí i, ibi tí ìṣòro wà gan-an sì nìyẹn. Àyè tí ọpọlọ fi ń di nǹkan tuntun mú lẹ́ẹ̀kan náà kéré gan-an. Nelson Cowan, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2001, sọ pé nǹkan bíi 4 ni àgbàlagbà lè dì mú nínú irú àyè bẹ́ẹ̀. Ti ọmọdé kò tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń fi gbogbo àyè yẹn bá b, o, u, g, h, t jà, níbo ló ti fẹ́ rí àyè gbé apẹ̀rẹ̀ àti ọjà sí? Ọjọ́ tí "bought" bá di ohun tó ń dá mọ̀ bó ṣe ń dá ojú bàbá rẹ̀ mọ̀ ni àyè yóò ṣí sílẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi sí àdánù kankan nínú kí ọmọ ka ojú ewé kan náà lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, bó tiẹ̀ sú àgbà tó jókòó tì í.

Ó tún yẹ ká wo ohun tí a ń kọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ṣòro ó kà. "Come" àti "home" jọra lójú, wọn ò jọra létí. "Put" àti "cut" ńkọ́? Ọmọ tó bá pe "put" bó ṣe ń pe "cut" kò gọ̀, òfin tí ẹ kọ́ ọ ló ń tẹ̀ lé. Ní 2003, Philip Seymour àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tó fi àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà ní èdè 13 ní Yúróòpù wéra. Nígbà tí ọdún àkọ́kọ́ nílé-ìwé ń parí lọ, nínú ọ̀rọ̀ 100 tó wọ́pọ̀, nǹkan bí 98 ni àwọn ọmọ Finland ń kà láìṣì í. Àwọn ọmọ Scotland, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé, ń ka 34. Lọ́dún kejì ni wọ́n tó dé 76. Ọpọlọ àwọn ọmọ Scotland kò ní àbùkù kankan. Ọ̀nà tí wọ́n ń rìn ló gùn. Ẹ wá ro ti ọmọ Ìbàdàn tàbí Òṣogbo tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu, tó tún ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á nínú ìwé, nígbà kan náà.

Ìwé Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà 25 ni, ohùn kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tó máa ń wà, pàápàá bí wọ́n bá fi àmì sí i. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ dé ìparí ṣe dáadáa jù nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń ka Yorùbá geere, tó wá ń kọsẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ yẹn ti mọ̀wé kà. Ẹ sọ ọ́ sí i létí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé òun ti ṣe é rí ní èdè kan á gbà pé òun lè ṣe é ní òmíràn.

Ìgbàgbé ni ó máa ń kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá òbí jù lọ. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì kan, ló kọ́kọ́ wọn ìgbàgbé lọ́nà tó ṣe é fi ojú rí. Ara rẹ̀ ló fi dán an wò: ó ń kọ́ àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì gbé ohun tó rí jáde ní 1885. Láàárín wákàtí kan péré, ó ti pàdánù ju ìdajì lọ. Àgbàlagbà ni o, ọ̀mọ̀wé sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe wọ̀n ọ́n: ṣe ló ń wo bí àkókò tó máa fi tún un kọ́ ṣe dín kù tó sí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, àkókò náà ṣì fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún dín kù. Ìyẹn ni pé ohun tí a pè ní gbígbàgbé kò lọ tán. Ó ku nǹkan sílẹ̀, ìkejì sì máa ń rọrùn ju ìkíní lọ. Ọmọ tó gbàgbé lónìí ohun tó mọ̀ lánàá kò padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń fún un lágbára ni kí a jẹ́ kó wá a jáde látinú orí ara rẹ̀, ká sì fi àlàfo sáàárín. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke dán èyí wò lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní 2006. Àwọn kan ń ka ìwé náà ní àkàtúnkà. Àwọn kan kà á, wọ́n sì pa á dé, wọ́n ń gbìyànjú láti kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà á ní àkàtúnkà ló mọ̀ ọ́n jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ló rántí jù. Ẹ má fi ojú kékeré wo èyí, nítorí ọ̀nà tó dára jù ni ó máa ń dà bíi pé kò ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tí a bá ń lò ó.

Ká ní méje lọ́nà mẹ́jọ ló ń fún ọmọ ní wàhálà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé ká ní kó kọ gbogbo ti méje, láti orí ìkíní dé ìkejìlá, ní ìgbà ogún. Ọwọ́ á ro ó, á sì tún gbàgbé. Ẹ mú ẹyọ mẹ́ta péré: 7 lọ́nà 6, 7 lọ́nà 7, 7 lọ́nà 8. Ẹ jọ kà á pọ̀, ẹ pa ìwé dé, ẹ bi í. Bó bá dákẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ kó dákẹ́ ná, nítorí wíwá tó ń wá a kiri lọ́kàn yẹn gan-an ni iṣẹ́. Bí kò bá rí i, ẹ bi í ní èyí tó mọ̀.

"Méje lọ́nà méje ńkọ́?"

"49."

"Bí a bá wá fi méje kan lé e?"

Á ṣí ọwọ́, á kà á lórí ìka: 50, 51, títí dé 56. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i, ẹ kò sọ ọ́ fún un. Ẹ tún bi í nígbà oúnjẹ alẹ́. Ẹ bi í láàárọ̀ bó ṣe ń wọ bàtà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ tó tún bi í. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ ṣàǹfààní ju wákàtí méjì tí a fi ń pariwo lálẹ́ Sọ́ńdè lọ, nígbà tí oorun ti ń kun àti ọmọ àti bàbá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Ní 1998, Claudia Mueller àti Carol Dweck tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì karùn-ún ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún wọn ní àlọ́ àwòrán tó rọrùn, wọ́n sì yìn wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é tán. Wọ́n ní àwọn kan ní làákàyè púpọ̀. Wọ́n ní àwọn kan ṣiṣẹ́ gidi. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé èyí tó le fún gbogbo wọn, gbogbo wọn sì kùnà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n yìn fún iṣẹ́ ṣì fẹ́ máa bá a lọ. Àwọn tí wọ́n yìn fún làákàyè kò gbádùn rẹ̀ mọ́, nígbà tí wọ́n sì padà sí èyí tó rọrùn, wọn kò ṣe dáadáa tó ti ìṣáájú. Èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù ni pé nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kọ máàkì wọn ránṣẹ́ sí ọmọ tí wọn kò mọ̀ rí, ó sún mọ́ 4 nínú 10 lára àwọn tí wọ́n yìn fún làákàyè tó parọ́ máàkì. Ọmọ tí a ti sọ fún pé ọpọlọ rẹ̀ pé, tó wá kùnà, kí ló fẹ́ gbà gbọ́ nípa ọpọlọ náà?

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ ìyìn nìkan tó o. Nígbà tí David Yeager àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ẹ̀kọ́ kúkúrú kan tó ń jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ọpọlọ lè máa mú sí i wò lọ́dọ̀ nǹkan bí 12,000 ọmọ ilé-ìwé girama ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2019, ó ran àwọn tí máàkì wọn kéré lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí 0.1 péré ló fi gbé máàkì wọn sókè nínú ìwọ̀n máàkì tí wọ́n ń lò, tó ń ti 0 lọ dé nǹkan bí 4. Ọ̀rọ̀ dídùn tí kò sí ọ̀nà tuntun nídìí rẹ̀ kò lè gbé ọmọ jìnnà. Bí ọmọ bá ti gbìyànjú títí tí kò bọ́ sí i, "Ṣáà tún gbìyànjú" kò ràn án lọ́wọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: "O padà sí ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí o tó kọjá, mo rí i." "Apá ibí yìí ti yé ẹ, ibí yìí ni kò tíì yé ẹ. Jẹ́ ká fi òkúta wẹ́wẹ́ kà á wò." Ọmọ á gbọ́ pé ẹ ń wo iṣẹ́ òun, ẹ sì mọ ibi tó kù sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká fi sílẹ̀ pátápátá: "Ṣé orí méjì ni ẹni tó gba ipò kìíní ní?" Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wa sọ ọ́, wọ́n sì sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wa rí. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì ọmọ ogójì, ẹnì kan péré ló lè gba ipò kìíní, bí gbogbo wọn bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ipò kò sọ ohun tí ọmọ mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀. Ẹ fi ọmọ wé ara rẹ̀. Ẹgba náà kò ràn án lọ́wọ́: ẹ̀rù máa ń jẹ nínú àyè kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ tó ń wo pàṣán kò lè máa wo ìwé.

Irú èyí náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé àwọn ènìyàn wa ní London àti Houston, ní ti èdè Yorùbá. Ọmọ gbìyànjú, ó fẹ́ sọ "ọkọ̀", ohùn rẹ̀ bọ́ sí "ọkọ", gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n tún pe àǹtí lórí fóònù kó wá gbọ́. A kò gbèrò ibi kankan. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn ohun gbogbo lẹ́yìn náà, ẹ̀rín yẹn wà lára ohun tó fà á. Ẹ tún ọ̀rọ̀ náà sọ bó ṣe yẹ nínú ìdáhùn yín, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ ti dé," kí ẹ sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ dúró lórí pé kò sí nǹkan mìíràn tó ń dí ọmọ lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, nǹkan mìíràn wà, ìkà sì ni kí a máa sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kó tẹra mọ́ ọn. Ọmọ tí kò ríran dé ojú pátákó kò mọ̀ pé àwọn yòókù ń rí i; ó rò pé bí ojú gbogbo èèyàn ṣe rí nìyẹn. Bó bá ń dín ojú, tó ń gbé ìwé sún mọ́ imú, tàbí tó ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ látinú ìwé ẹni tó jókòó tì í, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò ojú. Bí etí rẹ̀ bá ń ṣọyún lóòrèkóòrè, tàbí tó ń sọ pé "Ẹ̀n?" ṣáá, ẹ yẹ etí wò. Àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oorun sọ ní 2016 pé ọmọ ọdún 6 sí 12 yẹ kó máa sun wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́. Ọmọ tó ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ l'Ékòó, tó sì ń parí lẹ́sìnnì ní aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà wo ló fẹ́ sùn tó?

Dyslexia náà wà. Àwọn tó ní in máa ń tiraka gan-an láti so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ wọn lè pé nínú ohun gbogbo yòókù. Ọmọ tó ń sọ ìtàn dáadáa, tó lóye nǹkan bí ẹ bá kà á sí i létí, ṣùgbọ́n tí ìwé kíkà kò wọlé fún un rárá lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n ti ń fara balẹ̀ kọ́ ọ, yẹ kí onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ á nílò ọ̀nà ìkọ́ni tó yàtọ̀, wọ́n sì ń kọ́ ìwé kíkà bí wọ́n bá rí i.

Báwo wá ni òbí ṣe máa mọ̀ bóyá ìdúró lásán ni, tàbí nǹkan mìíràn wà níbẹ̀? Ojú tó ń rí ọmọ lójoojúmọ́ kò lè rí ìyàtọ̀ kékeré. Ẹ lo fóònù yín. Ẹ gba ohùn ọmọ sílẹ̀ bó ṣe ń ka ojú ewé kan, kí ẹ sì kọ déètì sí i. Ẹ má jẹ́ kó kọ́ ojú ewé yẹn sórí. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún gbà á bó ṣe ń ka ojú ewé kan náà, kí ẹ sì jọ fetí sí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọ ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé òun kò dúró níbi kan náà mọ́, èyí sì ń ṣe é ju ìyìnkíyìn tó lè ti ẹnu wa jáde lọ. Bí sáà ilé-ìwé kan bá wá parí, tí ẹ ti ń bá a kà á díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, tí àwọn ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ kò sì yàtọ̀ síra, ẹ gbé wọn lọ bá olùkọ́ rẹ̀, kí ẹ sì jọ gbọ́ ọ. Ẹ bi í níbi tí ọmọ ti ń kọsẹ̀ gan-an: ṣé lẹ́tà ni, ṣé ọ̀rọ̀ ni, ṣé ìtumọ̀ ni? Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè bóyá àga iwájú ló jókòó sí, tàbí ẹ̀yìn.